Iyùn Tí Wọ́n Fi Tẹ́ Òkú ní Ìgbàrà-Òkè

Àwọn ọmọ àdúgbò mi ní Ọ̀bà-Ilé, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé tí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò gbé dání, máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi bí oòrùn bá mú. Wọ́n á bi mí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe títí ẹ fi fẹ̀yìn tì?" Bí mo bá ní iyùn ni mo ń sín, tí mo sì ń tà, wọ́n á wo ara wọn bí ẹni pé mo ní atẹ́gùn ni mo ń dì sí páálí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí. Ìwé kẹta ni mo kà dé. Olùkọ́ ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, mo sì gbà, ṣùgbọ́n a ò sọ Ajé wo. Bí ẹ bá rí àmì tó ṣubú lórí ọ̀rọ̀ níbì kan, ẹ bá mi gbé e dìde, kí ẹ máa kà á lọ.

Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, níbẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ìyá mi mú mi lọ bá Màmá Fọlákẹ́. Bí a bá ń ka àwọn tó mọ iyùn sín nílùú yẹn, òun ni à ń fi bẹ̀rẹ̀, bí a bá sì kà á tán, òun náà la fi ń parí. Ohun tí ìyá mi san, n ò mọ̀. Ohun tí wọ́n fi bọ́ mi ni mo mọ̀: ẹ̀bà láàárọ̀, ìbáwí lọ́sàn-án, ẹ̀bà àti ìbáwí nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ti owó síbẹ̀.

Lọ́dún kìíní, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn. Ṣíṣà ni. Wọ́n á da ìlẹ̀kẹ̀ sórí ẹní, èmi á máa ṣà á: ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀, èyí tó dán sọ́tọ̀, èyí tó sán sọ́tọ̀. Ọdún kejì ni mo tó di okùn mú. Òwú la fi ń sín in nígbà náà, òwú tí a fi ìda oyin pa títí tó fi le bí irun ẹ̀yìn ìmàdò. Màá sín in tán, màá gbé e lọ fún Màmá Fọlákẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá yìí á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á di ojú kan, á fi ojú kejì wò ó. Á fa abẹ yọ lábẹ́ gèlè, á gé okùn náà láàárín, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á sì fọ́n ká ilẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ.

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Ká ní o mọ̀ ni, n ì bá má gé e. Ṣà á."

Mo ṣà á tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún mi fi mọ ilẹ̀ ilé yẹn ju àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ.

Èyí tó máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín jù nínú ìtàn ìkọ́ṣẹ́ mi ni pé a ò gbọdọ̀ dákẹ́. Àwọn ọ̀gá yòókù máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ pa ẹnu mọ́. Tiwa ní kí a máa sọ̀rọ̀. "Kò sí àpò tó súnmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ẹnu ọmọ ènìyàn," ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè fi iyùn pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń rọ̀, àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin á máa wí ṣáá: orin ìjọ, ìjà ará ilé, ìdílé kọ̀ọ̀kan tó wà ní òpópó wa àti ohun tí wọ́n sè lánàá. Ẹni tó bá dákẹ́ kó lè mí, ohun tó máa gbọ́ ni, "Ya ẹnu, jẹ́ n rí i." Àwọn ará Àkúrẹ́ máa ń sọ pé ahọ́n mi ti mú jù. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni wọ́n fi kọ́ mi.

Òfin kan wà tó ga ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé Màmá Fọlákẹ́ kì í ta iyùn nìkan, ó tún máa ń yá àwọn ènìyàn fún ìgbéyàwó, fún oyè àti fún ìsìnkú. Ó ní, "Bí ẹni tó yá iyùn bá dá a padà, tú u lójú rẹ̀. Gbé e sí eyín lójú rẹ̀. Iyùn gidi tutù bí òkúta inú odò. Rọ́bà á lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì máa yọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó sọ pé ẹ ṣeun."

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bó bá jẹ́ ènìyàn ńlá ńkọ́, mà?"

Ó ní, "Ṣé ènìyàn kékeré ló ń yá iyùn ni?"

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gba òmìnira, ọkọ mi ti ń dúró dè mí ní Àkúrẹ́. Káfíńtà ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Ọlọ́run ló fi wá méjèèjì ṣe ẹ̀rín ara wa. Ó kan àpótí ìjókòó àti tábìlì fún mi, mo sì gba ìsọ̀ kékeré kan nínú Ọjà Ọba. Ọjọ́ tí mò ń kúrò ní Oǹdó, Màmá Fọlákẹ́ wọ yàrá, ó gbé àpò kan jáde, ó ní kí n máa mú un lọ sí Àkúrẹ́, kí n máa fi í yá àwọn ènìyàn, kí n máa mú ìdajì owó rẹ̀ wá fún òun.

Iyùn olókùn méje ni. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ni ín, láti ayé tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti Oǹdó dé Àkúrẹ́. Pupa rẹ̀ kì í ṣe pupa tó ń pariwo. Ó dà bí ẹyìn tó pọ́n sínú ìdì lórí igi ọ̀pẹ tí kò sí ẹni tó rí i. Ó ní wọ́n ti jí i rí, láyé ìyá ìyá òun, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà mọ́tò. Obìnrin tó jí i kò fi í pamọ́ ju oṣù mélòó kan lọ. Ara rẹ̀ ò gbà á, ó gbé e wọ̀ lọ sí ìkórè ìjọ ní ìlú kejì, àfi bí ẹni tó ni ín náà ṣe wá kí àna rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní orin ọrẹ ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ tí ojú àwọn méjèèjì fi ṣe mẹ́rin. Màmá Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni.

Kí n tó dé ibi tó le, ẹ jẹ́ kí n sọ bí irinṣẹ́ wa ṣe yí padà, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ń sín ara rẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́, wáyà tín-ín-rín ni, àwa fúnra wa la ń pọ́n ọn lórí òkúta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni okùn àwọn apẹja dé, okùn rọ́bà tí kì í já. Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ẹja ni mò ń wọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé kò nílò ìda, mo ju òwú nù, n ò sì padà wò ó. Lẹ́yìn okùn rọ́bà ni iyùn rọ́bà fúnra rẹ̀ dé. Pupa rẹ̀ ń gún ni lójú, gbogbo ẹyọ rẹ̀ bá ara mu, kò wọ́n. Àwọn ìyàwó tuntun fẹ́ràn rẹ̀ ju ojúlówó lọ. Obìnrin kan wò mí lójú, ó ní iyùn gidi tèmi ò dà bí iyùn. Mo ní òótọ́ ni, ìwọ náà ò dà bí ẹni tó ní owó rẹ̀. Kò ra ọjà lọ́wọ́ mi mọ́ títí tó fi kó lọ.

Ìgbà tí ilẹ̀ wá le, lábẹ́ àwọn ológun, tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí mílíìkì àti sóàpù rà ń fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ lọ sílé, kò sí ẹni tó ń ra iyùn mọ́. Wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń gbéyàwó, wọ́n sì ń kú, ọmọ Yorùbá kò sì ní torí ebi jẹ́ kí ọrùn òkú ìyá òun ṣófo. Yíyá ló kù. Olókùn méje Màmá Fọlákẹ́ ló bọ́ àwọn ọmọ mi lọ́dún yẹn.

Báyìí ni Ìyá Kẹ́mi ṣe wọ bọ́ọ̀sì láti Ìgbàrà-Òkè wá bá mi. Òun ni àkọ́bí ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ní àwọn fẹ́ tẹ́ Màmá sílẹ̀ kí aráyé wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé àpò sílẹ̀. Obìnrin náà mọ nǹkan, ó gbé iyùn sí eyín, ó mi orí, ó ní, "Èyí ni Màmá wa ì bá yàn." Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Ọjọ́ Ajé ló yẹ kó padà dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọjọ́rú ló dé. Kì í ṣe òun ló mú un wá, Délé àbúrò rẹ̀ ni, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, ọkùnrin tó tó ọmọ ogójì ọdún. Ó wọ aṣọ dúdú, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn àlejò ò tètè lọ."

"Kò burú. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ̀yìn Màmá á dára."

Mo na ọwọ́ gba àpò. Mo ti ki ìka bọ ẹnu rẹ̀ láti tú u nígbà tí ọkùnrin náà bú sẹ́kún nínú ìsọ̀ mi. Gbogbo ọjà yíjú. Oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá dì í mú, ó ń pa á lẹ́kún, ó sì ń wo ọwọ́ mi. Ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe? Ẹnì kan ń sunkún ìyá rẹ̀ lójú mi, kí n jókòó kí n máa fi eyín bu iyùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́rùn ìyá náà? Wọ́n á ní mi ò ní ìyá. Mo yọ ìka, mo tún ní ẹ kú ìrọ́jú, mo ti àpò bọ inú àpótí, mo sì tì í pa. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi wá sí mi lọ́kàn o. Ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ dé láti Oǹdó. Ìjọ fẹ́ fi Màmá Fọlákẹ́ jẹ Ìyá Ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Kí n mú olókùn méje òun wá, òun fẹ́ wọ̀ ọ́.

Inú mi dùn. Mo ṣí àpótí láti tún un sín. Mo gbé ẹyọ kan sí eyín bí mo ṣe máa ń ṣe, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní bóyá oòrùn ni. Mo gbé òmíràn, mo gbé òmíràn. Mo fi abẹ́rẹ́ sí iná, mo fi gún ọ̀kan, ó rùn bí ìgbà tí garawa rọ́bà bá súnmọ́ iná ìdáná. Okùn méjèèje ni. Kò sí iyùn kankan nínú àpò yẹn, rọ́bà ni gbogbo rẹ̀.

Ọkọ mi wọlé, ó bá mi lórí ilẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Rárá. Ẹni tó kú ti kú tẹ́lẹ̀."

Mo sọ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn jókòó tì mí, ó ní, "Bó o bá sọ fún Màmá Fọlákẹ́ pé wọ́n jí i, á gbà ọ́ gbọ́?"

"Á gbà mí gbọ́. Á wá bi mí pé ṣé mo tú u lójú ẹni tó mú un wá."

Ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé n ò ní rí nǹkan fi rọ́pò rẹ̀ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá ta ìsọ̀, tí mo ta ọkọ mọ́ ọn, kò lè ra okùn méjì nínú méje. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́fà gé okùn mi kí n lè di ènìyàn ni ọrùn rẹ̀ máa ṣófo níwájú ìjọ, nítorí pé n ò ṣe nǹkan kan ṣoṣo tó ní n má ṣàìṣe. Kò sì sí ẹni tí yóò tún fi iyùn rẹ̀ sọ́wọ́ mi láti ọjọ́ náà lọ.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbàrà-Òkè ní ọjọ́ kejì. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá Ìyá Kẹ́mi sọ ọ́. Kò jẹ́ kí n parí.

"Ìyá mi ò tíì pé oṣù kan nílẹ̀, ẹ wá ń pè wá lólè?"

"N ò pe ẹnikẹ́ni lólè, mo ní ohun tó wọlé kọ́ ló jáde."

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín lẹ fi gbà á ni? Kí lẹ sọ lọ́jọ́ náà?"

Kí ni mo sọ lọ́jọ́ náà? Ẹ kú ìrọ́jú ni mo sọ. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo ẹbí ń pàdé láti pín ẹrù Màmá, òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan. Ìbínú olóòótọ́ ní òórùn tirẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà ni orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Rọ́bà tó wà nínú àpò mi, ẹyọ rẹ̀ bá tèmi mu: ńlá láàárín, kéékèèké lápá ẹ̀yìn, okùn méjèèje. Ẹnì kan ló jókòó yan ìyẹn. Ní irú ìgbà tí à ń wí yìí, ẹni tó bá ra rọ́bà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó tà á fún un ò ní gbàgbé rẹ̀. Mo wá gbogbo Àkúrẹ́ ká, kò sí. Mo lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì, mo sì yẹra fún òpópó Màmá Fọlákẹ́ bí ẹni tó gbé adìẹ mọ́ abíyá. Nínú ọjà ibẹ̀ ni mo ti rí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràfíù, ó ń ta rọ́bà oríṣiríṣi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan ra ńlá ńlá tó tó okùn méje lọ́wọ́ yín láìpẹ́ yìí?"

Ó wò mí. "Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni yín?"

"Ìyàwó ta ni?"

"Ọkùnrin aláṣọ dúdú tó wá fi fọ́tò òkú ra ìlẹ̀kẹ̀."

Ó ní ọkùnrin náà mú fọ́tò kékeré kan dání, irú fọ́tò à-dúró-gbà tí ẹ̀rọ ń pọ jáde lójú ẹsẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀, ó sùn gbalaja pẹ̀lú iyùn lọ́rùn. Ọkùnrin náà ń gbé ẹyọ rọ́bà kọ̀ọ̀kan lé ojú fọ́tò, ó ń wò ó bóyá ó bá a mu. Mo sọ fún un pé iyùn mi ló fi rọ́bà yẹn pààrọ̀.

"Mo bi í pé kí ni, ó ní ìrántí ìyá òun ni. Mo ní ọmọ rere. Àṣé olè rere ni," Ìyá Ràfíù wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. N ò tíì rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ìbànújẹ́ mi tí mo sì tún fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kì í ṣe iyùn. Bí mo bá mú Ìyá Ràfíù lọ, wọ́n á ní mo fowó ra ẹnu rẹ̀ ni. Bí mo bá lọ pe ọlọ́pàá, gbogbo ẹbí á fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lẹ́yìn ọmọ wọn, Délé á sì ta iyùn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo rò ó títí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn mú mi rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé ó máa ṣiṣẹ́: bí mo bá ní wọ́n jí i, wọn ò ní gbà. Bí mo bá ní èmi ni mo rẹ́ wọn jẹ ńkọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí oòrùn wà lágbede méjì ọ̀run, mo wọ àgbàlá wọn ní Ìgbàrà-Òkè. Gbogbo wọn jókòó yí ká, ẹrù Màmá wà láàárín. Délé wà lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá àgbà ẹbí wọn, àbúrò olóògbé.

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe ńlá. Iyùn tí mo yá yín fún Màmá, kì í ṣe iyùn. Rọ́bà ni mo kó fún yín. Màá dá owó yín padà, màá sì lọ bá àwọn tó wá sí ìsìnkú lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sọ fún wọn pé rọ́bà ló wà lọ́rùn Màmá, kí wọ́n má bàa rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é."

Ìyá Kẹ́mi ló kọ́kọ́ dìde.

"Rọ́bà? Lọ́rùn ìyá mi?"

"Ẹ forí jì mí."

"Kò sí ohun tí a fẹ́ forí rẹ̀ jì ọ́. Irọ́ lò ń pa. Èmi fúnra mi gbé e sí eyín nínú ìsọ̀ rẹ, ó tutù bí omi àmù. Gbogbo ìlú ló wò ó. Ìyàwó àlùfáà fọwọ́ kàn án. O fẹ́ lọ máa sọ kiri pé a fi rọ́bà sin ìyá wa?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó rẹ̀ yín lọ́jọ́ náà, mà, ẹ ò mọ ìyàtọ̀."

"Èmi?" Ó yíjú. "Délé, ìwọ lo fi í sí Màmá lọ́rùn. Sọ fún un. Ṣé rọ́bà ni?"

Gbogbo ẹbí ń wo Délé. Bó bá ní rọ́bà ni, ó ti bu ẹ̀tẹ́ lu òkú ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé.

"Iyùn gidi ni," ó wí.

"Ẹ gbọ́," ni Ìyá Kẹ́mi wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?" mo bi í.

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ọlọ́run á bù kún yín." Mo gbé àpò síwájú bàbá àgbà. "Bàbá, ẹ bá mi tọ́ èyí tí wọ́n dá padà fún mi wò."

Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu bàbá yẹn, ṣùgbọ́n mẹ́ta tó. Ó gbé ẹyọ kan sí i, ó yọ ọ́, ó wò ó, ó gbé e fún Ìyá Kẹ́mi. Obìnrin náà tọ́ ọ wò. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń rìn láti orí ìlẹ̀kẹ̀ dé orí mi, láti orí mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Délé," ó wí. Kò pariwo.

Délé dìde. Mo rò pé ó máa sá. Yàrá ló wọ̀, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde, ó sì da gaàrí inú rẹ̀ sórí ẹní. Iyùn náà wà nínú gaàrí, ó ti tú u kúrò lórí okùn. Ó ní oṣù mẹ́jọ rèé tí wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́, Màmá nìkan ni òun sọ fún, Màmá ló sì ń bọ́ àwọn ọmọ òun. Ìyá Kẹ́mi kúnlẹ̀ sídìí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iyùn nínú gaàrí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn yòókù bá a kúnlẹ̀. Bàbá àgbà pàápàá na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹyọ kan tó yí lọ sábẹ́ àga.

Mo tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lójú wọn. Gaàrí kún mi lẹ́nu. Ojú ò tì mí rárá.

Bàbá àgbà ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde sí ọ̀nà mọ́tò, mo sì gbà. Yàtọ̀ sí ọkọ mi àti ọ̀gá mi, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu mi, Kẹ́mi àti Délé tí mo kọ síbí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wa bọ́ọ̀sì Ìgbàrà-Òkè sí Àkúrẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọkọ̀ rẹ̀, kì í gba owó lọ́wọ́ mi. Èmi náà kì í bi í pé kí ló dé.

Èmi àti ọkọ mi jọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta yẹn. Òun ló ń fi ẹnu fẹ́ gaàrí jáde nínú ihò iyùn, èmi ni mò ń sín in. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, òun ò tíì rí mi kí n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ìsinmi mo dé Oǹdó. Mo ti gbogbo ènìyàn jáde nínú yàrá Màmá Fọlákẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un kí n tó gbé àpò sílẹ̀: ẹkún, ìka tí mo yọ, rọ́bà, fọ́tò, gaàrí. N kò dín ọ̀kan kù. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yan iṣẹ́, iṣẹ́ tí ẹ bá yàn kò ṣe mí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ yan ọ̀gá tí ẹ lè jókòó síwájú rẹ̀ báyìí kí ẹ sì sọ òótọ́. Mo ń retí abẹ.

"Délé yẹn," ni Màmá Fọlákẹ́ wí, "ṣé ó ti rí iṣẹ́?"

"Rárá, mà."

"Hm. Wọ̀ ọ́ fún mi."

Mo fi okùn méjèèje sí i lọ́rùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà wàásù títí àwọn ọmọdé fi sùn, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n kọ orin, wọ́n tún gbàdúrà mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ọrẹ kẹta, Ìyá Ìjọ tuntun rọra fi orí sẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ọrùn mi ti fẹ́ kán," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Ohun tó wúwo báyìí. Ṣé o kò lè bọ́ okùn méjì kúrò?"

Mo ní, "Ẹ fara dà á díẹ̀ sí i, mà."

Ó ń kùn ní gbogbo àsìkò ọrẹ kẹta àti ẹ̀kẹrin, mo sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mò ń gbọ́ ọ, bí ẹni pé orin ni.